Ẹrù Orí, Ẹrù Èjìká

Aago méjì òru ní Kubwa.
Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́,
jẹnẹrétọ̀ Alájì ilé kejì ń wúkọ́ bí arúgbó.
Mo tún ń di ẹrù.
Kì í ṣe àpótí, kì í ṣe àpò gààrì:
áàpù ni, tí í gbọ́ mímí ọmọdé,
tí í kà á,
tí í sọ fún nọ́ọ̀sì bóyá àyà ọmọ ti dí.

Ojú áàpù náà, èmi ni mo kọ ọ́;
ó mọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ìṣirò gbé wà,
kóòdù àtijọ́ kan ló ń ṣiṣẹ́,
tí Gbóyèga fi èdè C kọ kí ó tó lọ sókè òkun.
Kò mọ ẹ̀wà, kò mọ ẹ kú iṣẹ́.
Irin ló ń bá sọ̀rọ̀ tààrà, láìsí ògbufọ̀.
Kóòdù abínibí là ń pè é.

Abínibí. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.
Tudun Wada ní Kaduna ni wọ́n bí mi sí,
èdè Hausa ni mo fi kọ́kọ́ tọrọ omi.
Síbẹ̀, bí fọ́ọ̀mù bá béèrè ìlú abínibí,
Ìlá Ọ̀ràngún ni mo ń kọ,
ìlú tí mo dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré,
ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀, òkú la lọ sin.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo gbé áàpù lọ sí Rubochi.
Lórí fóònù tèmi, ó ń fò bí ẹyẹ.
Nọ́ọ̀sì Shekwonya yọ tirẹ̀ jáde,
fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán, tí rọ́bà ló so ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀.
Ó tẹ bọ́tìnnì.
Ó ṣẹ́jú, ó kú.
Ó tún un tẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó kú.
Ìyá kan jókòó, ọmọ lórí itan, ó ń wò wá.
Shekwonya kò wí nǹkan kan. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀,
ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àyà ọmọ náà,
ó ń fi ẹnu kà á: dáyà, bíyù, úkù,
títí ó fi kọ méjìléláàádọ́ta sórí bébà.

Mo bọ́ síta, ojú tì mí.
Mo ka ohun tí fóònù kọ sílẹ̀ kó tó kú:
mo wá láíbúrárì náà, n kò rí i.
Báwo? Ṣebí èmi ni mo dì í sínú ẹrù!

Ìgbà náà ni obìnrin Gbagyi kan kọjá,
ìdì igi ìdáná ní èjìká rẹ̀,
ọrùn rẹ̀ yà sápá kan díẹ̀, orí rẹ̀ kò ru ohunkóhun.
Wọ́n ní orí lọba ara, a kì í di ẹrù ru ọba.
Ìyá mi, osùká ló máa ń ká.
Igi kan náà, ọ̀nà kan náà,
ara tó ń rù ú ni kò dọ́gba.

Fóònù tuntun, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni egungun rẹ̀.
Ti Shekwonya, méjìlélọ́gbọ̀n.
Osùká nìkan ni mo ká.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó lóru yìí,
mo ń se kóòdù Gbóyèga ní ìkòkò méjì,
ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún èjìká.
Òǹkà kan sanra ju ẹnu ọ̀nà kékeré lọ;
mo gé e, mo tún un gé.
Ẹrù wá wúwo, mẹ́gà mọ́kàndínlógún,
bẹ́ẹ̀ ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n fi ń pín in ní Rubochi,
igba náírà dátà, oúnjẹ ọmọ ni.
Mo yọ òdòdó iwájú. Mo yọ orin ìkíni.
Mo yọ orúkọ mi tó ń jó.
Mo fi ránṣẹ́ kí bátìrì tó kú.

Òwúrọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ Shekwonya dé:
ó ṣí.
Ṣùgbọ́n ó ń ka mímí ewúrẹ́ ẹ̀yìn fèrèsé mọ́ tọmọ.